Ẹ Fi Kọ́mà Ìyá Aláṣọ Sílẹ̀, Kóòdù Yín Ni Kí Ẹ Tún Ṣe

Ìjà la gbé wá lónìí. Àwọn tí a fẹ́ bá jà mọ ara wọn, àwọn kan nínú wọn sì máa ń ka ohun tí a bá kọ síbí, nítorí náà ojú wọn la ó ti sọ ọ́.

Ní Àgbàdo, níbi tí Alímọ̀ṣọ́ ti ń lọ kan Ìpínlẹ̀ Ògùn, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan wà tí àwọn ìyá ọlọ́jà pọ̀ jù nínú rẹ̀. Àwọn tó ń tajà l'Ókè-Odò wà níbẹ̀, àwọn tó ń wá láti Abúlé Ẹ̀gbá náà wà níbẹ̀. A ò ní dárúkọ ẹgbẹ́ náà, torí ìyá ọ̀kan nínú wa ń dáwó níbẹ̀, a ò sì fẹ́ kí wọ́n tìtorí tiwa bínú sí màmá. Ẹgbẹ́ yìí ní ìkànnì kan tí ẹnìkan bá wọn kọ ní nǹkan bí ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn. JavaScript ló fi kọ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹni náà ti rìnrìn àjò lọ sókè òkun, kò sì sẹ́ni tó fọwọ́ kan kóòdù náà dáadáa láti ìgbà yẹn. Bí ọmọ ẹgbẹ́ bá ti san owó sí báǹkì, á ṣí ìkànnì lórí fóònù rẹ̀, á tẹ iye tó san sínú àpótí, ìkànnì á sì fi kún owó rẹ̀.

Ìyá aláṣọ kan san owó, ó tẹ 25,000. Ohun tí ìkànnì kọ fún un ni ₦25.00.

Ìyá gbé fóònù lọ bá akọ̀wé. Akọ̀wé wo fóònù, ó wo ìyá, ó ní, "Màmá, ohun tí ẹ bá tẹ̀ ni kọ̀ǹpútà máa kọ. Kọ̀ǹpútà kì í ṣàṣìṣe." Ìyá ní, "Ọmọ mi, ṣé èmi ni mo máa wọ ọkọ̀ lọ san náírà márùndínlọ́gbọ̀n sí báǹkì? Kí ni náírà márùndínlọ́gbọ̀n ń rà l'Ékòó?" Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ó di ìgbà tó lọ gba ìwé lọ́wọ́ báǹkì kí wọ́n tó gbà pé ẹgbẹ̀rún ló san, ọ̀sẹ̀ méjì sì ti kọjá. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì yẹn, ẹ̀yáwó tó kàn án láti fi kó ọjà ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, nítorí pé nínú ìwé ẹgbẹ́, owó rẹ̀ kò tó.

Kí ni ẹgbẹ́ wá ṣe? Wọ́n tẹ ìwé kan, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ọ́fíìsì, wọ́n tún fi í ránṣẹ́ sórí WhatsApp: "Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi kọ́mà sí owó yín mọ́. Ẹni tó bá fi kọ́mà sí i, ẹjọ́ ara rẹ̀ ni."

Ìwé yẹn gan-an ni a fẹ́ bá jà.

Ọ̀kan nínú àwa mẹ́rin tí a jọ kọ èyí ti ń kọ́ JavaScript fúnra rẹ̀ láti ìgbà tí a ti wà ní ọdún kejì. A bẹ àwọn alákòóso, wọ́n sì jẹ́ kí a wo kóòdù náà. Ibi tí wọ́n ti ń gba owó wọlé, ohun tó wà níbẹ̀ ni parseInt. Ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé fún ẹ̀yin tí ẹ ò bá a pàdé rí. Iṣẹ́ parseInt ni pé kó ka ohun tí ènìyàn tẹ̀ láti ọwọ́ òsì, ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, títí yóò fi pàdé ohun tí kì í ṣe àmì òǹkà. Níbẹ̀ ló máa dúró, á sì da ìyókù nù. Kò ní pariwo, kò ní bi yín léèrè, kò ní fi àmì pupa hàn. Ẹ fún un ní "25,000", 25 ló máa gbé jáde. Ẹ fún un ní "25 000", 25 náà ni. Ẹ fún un ní "25k", 25 ṣì ni. Ẹ wáá fún un ní "₦25,000", NaN ló máa kọ, ìyẹn ni pé kò tilẹ̀ rí òǹkà kankan níbẹ̀. Àfi bí akọ̀wé kan tí ẹ ń ka owó fún, tó jẹ́ pé bí ẹ bá ti dúró mí, ó ti pa ìwé dé.

Ta ló wá jẹ̀bi? Ta ló kọ́ ìyá aláṣọ pé kó fi kọ́mà sí i? Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ gbogbo wa pé bí òǹkà bá ti dé ẹgbẹ̀rún, ẹ fi kọ́mà sí i kí ojú má baà ṣì í kà. Kọ́mà yẹn ló ń jẹ́ kí ènìyàn tó ń fi ojú kan ṣọ́ oníbàárà, tó ń fi ojú kejì wo fóònù, mọ̀ pé òun kò fi òdo kan dín, òun kò sì fi òdo kan lé. Ohun tí ó ń dáàbò bo owó ìyá yìí ni ìwé ara ògiri ní kó jù nù.

Ká tiẹ̀ ní ó jù ú nù, ṣé kọ́mà nìkan ni? Ẹ lọ wo rìsíìtì l'Ókè-Odò. Ẹ ó rí N25,000. Ẹ ó rí #25,000, torí pé ọ̀pọ̀ bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà àti fóònù kò ní ₦ lórí, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ₦ ti ní àyè tirẹ̀ nínú Unicode láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹ ó rí 25,000.00, ẹ ó rí 25,000:00k, ẹ ó rí 25,000=. Gbogbo wọn ni ọlọ́jà àti oníbàárà jọ ń kà sí ẹgbẹ̀rún márùndínlọ́gbọ̀n náírà, ẹnikẹ́ni kì í sì í bá ẹnikẹ́ni jà lórí wọn. Kóòdù tí wọ́n kọ fún àwọn ènìyàn yìí nìkan ni kò gbọ́ èdè wọn.

Ẹ tún jẹ́ ká sọdá ẹnubodè. Àwọn Yorùbá Kétu àti Ṣàkétẹ́, tó jẹ́ pé ilé ẹ̀kọ́ Faransé ni wọ́n lọ ní Benin, 25 000 ni wọ́n ń kọ, àwọn mìíràn ń kọ 25.000, kọ́mà sì ni wọ́n fi ń ya ìdá tó kù lára odidi sọ́tọ̀. Tiwọn àti tiwa wáá forí gbárí pátápátá: ohun tí kọ́mà ń ṣe níbí ni pọ́ìntì ń ṣe lọ́hùn-ún. Ará Íńdíà ní tirẹ̀ á kọ ọ̀kẹ́ márùn-ún báyìí: 1,00,000. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ṣàṣìṣe. Ẹni tó bá ń kọ kóòdù tí yóò gba owó lọ́wọ́ ènìyàn, tó sì rò pé ọ̀nà kan ṣoṣo ni ayé ń gbà kọ òǹkà, òun gan-an ni kò tíì jáde nílé.

Níbi tí a bá ọ̀rọ̀ dé yìí ni àwọn ọ̀rẹ́ wa kan ní ẹ̀ka ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ti bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí ló kan ọmọ Yorùbá nípa parseInt, pé ká lọ máa ka ewì wa. Ẹ ṣé o. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọ ohun tí a rí nínú kíláàsì òǹkà Yorùbá tí ẹ̀yin ò rí nínú tiyín.

Ohun àkọ́kọ́ tí ọmọ Yorùbá máa ń kọ́ nípa òǹkà ni pé iye ọ̀tọ̀, orúkọ iye ọ̀tọ̀. Ẹ mú 1,500. Ẹnìkan á pè é ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ, ìyẹn ni pé ó mú ẹgbẹ̀jọ, 1,600, ó sì yọ ọgọ́rùn-ún kúrò. Ẹlòmíràn á ní ẹgbẹ̀rún kan àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Ọ̀dọ́ inú wa á ní wan-fáìfù. Iye kan náà ni. Lọ́dún 1887, nígbà tí Adolphus Mann tẹ àkọsílẹ̀ rẹ̀ nípa ètò òǹkà Yorùbá jáde, ohun tó ya àwọn òyìnbó lẹ́nu ni bí a ṣe ń yọ kúrò lára iye láti fi sọ iye. Àwa ò rí ohun ìyanu kankan níbẹ̀, torí a ti mọ̀ pé orúkọ lásán ni, owó wà ní àyè rẹ̀.

Ẹ wáá wo àwọn baba ńlá wa àti owó ẹyọ. Ogójì ẹyọ ni wọ́n ń sín sí okùn kan. Àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá, 2,000. Ẹgbàá mẹ́wàá jẹ́ ọ̀kẹ́ kan, 20,000. Nítorí náà owó ìyá aláṣọ, bí ó bá jẹ́ ẹyọ ni, ọ̀kẹ́ kan ó lé ẹ̀ẹ́dẹ́gbàáta ni, tàbí kí ẹ pè é ní ẹgbàá méjìlá ààbọ̀. Wọ́n fi okùn sín in kí ó lè rọrùn láti kà, kí wọ́n má baà máa ka ẹyọ lọ́kọ̀ọ̀kan títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ǹjẹ́ ẹ gbọ́ ọ rí pé ìyá àgbà kan gbé ẹyọ rẹ̀ dé ọjà, tí wọ́n ka okùn àkọ́kọ́, tí wọ́n ní ogójì péré ló gbé wá, torí pé okùn ti ya ìyókù sọ́tọ̀? Ohun tí kóòdù yín ṣe fún ìyá aláṣọ nìyẹn. Okùn ni kọ́mà. Ẹ wáá lẹ ìwé mọ́ ògiri pé kí àwọn ìyá má sín owó wọn mọ́, kí wọ́n máa gbé e wá ní fífọ́n ká.

Ẹ jẹ́ ká padà sínú kóòdù, torí ohun tó burú jù ṣì wà níwájú. A rí i pé ẹnìkan ti gbìyànjú àtúnṣe kan níbẹ̀ rí. Owó àwọn kan ń jáde pẹ̀lú ìdá gígùn bí ìrù ọ̀bọ, irú bíi 0.30000000000000004 tí ẹ máa rí bí ẹ bá ní kí JavaScript ro 0.1 pọ̀ mọ́ 0.2. Ọ̀pọ̀ ló ń di ẹ̀bi èyí ru JavaScript, wọ́n á ní torí pé ọjọ́ mẹ́wàá péré ni Brendan Eich fi kọ ọ́ ní Netscape lọ́dún 1995 ni. Irọ́ ni. Ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú òǹkà tó ní ìdá, IEEE 754, ti wà láti ọdún 1985, èdè kóòdù tó pọ̀ ló sì ń lò ó. Òdo àti ení nìkan ni kọ̀ǹpútà fi ń kọ nǹkan, bí ẹ kò sì ṣe lè fi pọ́ìntì kọ ìdá kan nínú mẹ́ta parí ní ìwé yín, bẹ́ẹ̀ ni òun náà kò lè kọ ìdá kan nínú mẹ́wàá parí. Ó ń kọ èyí tó súnmọ́ ọn jù lọ.

Kí ni ẹni yẹn wá ṣe sí i? Ó kọ ìlà kan tó ń gé ìrù náà kí ojú má baà rí i. Ìrù ṣì wà nínú owó, ojú ni kò rí i mọ́. A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, à ń pa làpálàpá. Àwọn tó tilẹ̀ gbọ́n díẹ̀ á ní kí a lo toFixed. Ẹ dán (1.005).toFixed(2) wò fúnra yín. 1.01 lẹ máa retí, 1.00 lẹ máa rí, torí pé ohun tí kọ̀ǹpútà tọ́jú gẹ́gẹ́ bí 1.005 fi bíńtín kéré sí i. Ní ẹgbẹ́ tó ń pín èrè fún ọgọ́rọ̀ ènìyàn, kọ́bọ̀ yẹn ń kó jọ.

Ohun tí a wá rí lẹ́yìn èyí ló mú wa kọ àpilẹ̀kọ yìí dípò ká kàn dákẹ́ tún un ṣe. Ìkànnì náà kì í tọ́jú owó sí ibì kan tó yàtọ̀. Bí ó bá fẹ́ fi owó tuntun kún ti tẹ́lẹ̀, ojú ìwé gan-an ló ń padà lọ kà. Á fi innerHTML mú ohun tó ti kọ sílẹ̀ fún ènìyàn láti wò, pẹ̀lú kọ́mà rẹ̀, á sì dá a padà fún parseInt. Níbi kan tí wọ́n ti gbàgbé parseInt, lẹ́tà ló ń so pọ̀ mọ́ lẹ́tà. A fi orúkọ ara wa dán an wò: a ní 25000, a fi 500 kún un, ó fún wa ní 25000500. Mílíọ̀nù márùndínlọ́gbọ̀n náírà àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta! Irú àṣìṣe yìí, a ò mọ ẹni tó máa lọ fẹjọ́ rẹ̀ sùn.

Ìtàn òdo náà kò ṣeé fò. Láyé àtijọ́, kí ES5 tó jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2009, bí ẹ bá fún parseInt ní "08" tàbí "09", òdo ló máa ń fún yín, torí pé bí òǹkà bá fi òdo bẹ̀rẹ̀, ó ń rò pé òǹkà ẹlẹ́ẹ̀jọ-ẹ̀jọ ni. Oṣù Kẹjọ àti Kẹsàn-án a máa pòórá nínú ìkànnì káàkiri ayé. Ó jọ pé ẹni tó kọ kóòdù yìí ṣe àdàkọ oògùn ìgbà náà láti ibì kan: ìlà kan wà tó ń gé òdo iwájú kúrò. Oògùn oṣù ni o. Ẹnìkan tó tún dé lẹ́yìn lo ìlà kan náà fún nọ́ńbà àkáǹtì. Nọ́ńbà àkáǹtì báǹkì ilẹ̀ wa jẹ́ mẹ́wàá, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì fi òdo bẹ̀rẹ̀. Ó di mẹ́sàn-án. Nọ́ńbà fóònù tó yẹ kó jẹ́ mọ́kànlá di mẹ́wàá. Ẹ̀yin ènìyàn wa, nọ́ńbà fóònù kì í ṣe òǹkà. Ta ló ń ro fóònù rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti aládùúgbò? Orúkọ ni, àmì òǹkà ni wọ́n kàn fi kọ ọ́. Ẹ tọ́jú rẹ̀ bí orúkọ.

Ohun tí a ṣe rèé, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ẹnu lásán la ní. A kọ ẹ̀rọ ìkàwé kékeré kan sí ẹnu ọ̀nà. Ó gbọ́ kọ́mà, ó gbọ́ àlàfo, ó gbọ́ ₦, N àti #, ó gbọ́ =, ó sì gbọ́ :00k. Ohun tí kò bá yé e, kì í méfò. Bí ẹnìkan bá tẹ 25.000, á fi ọ̀rọ̀ bi í pé, "Ṣé ẹgbẹ̀rún márùndínlọ́gbọ̀n náírà ni ẹ ní lọ́kàn?" kó tó gba ohunkóhun. Ọ̀rọ̀ la fi bi í, a ò fi àmì òǹkà bi í, torí ènìyàn lè ṣi òdo kà, ṣùgbọ́n kò ní gbọ́ ẹgbẹ̀rún kó pè é ní ẹyọ. Inú ilé, kọ́bọ̀ odidi la fi ń tọ́jú owó: 25,000 náírà jẹ́ 2,500,000 kọ́bọ̀, kò sí ìdá, kò sí ìrù. Odidi tí JavaScript lè kà láìṣì jẹ́ 9,007,199,254,740,991. Bí ẹ bá pe ìyẹn ní kọ́bọ̀, ó lé ní àádọ́rùn-ún tírílíọ̀nù náírà, ẹgbẹ́ wa kò sì tíì débẹ̀. Ìgbà tó bá ku kí ojú ènìyàn rí i nìkan ni a máa ń fún Intl.NumberFormat kó sín in ní okùn. A tún sọ fún ojú ìwé náà pé UTF-8 ni, torí lórí fóònù àwọn kan, â‚¦ ni wọ́n ń rí dípò ₦.

Àwa náà ṣàṣìṣe kí a tó débẹ̀. Ohun tí a kọ́kọ́ kọ ń yọ kọ́mà àti pọ́ìntì dànù pa pọ̀, 25,000.00 sì di 2,500,000 náírà. Orúkọ ara wa la fi dán an wò, ìyẹn ló kó wa yọ. Láti ọjọ́ náà la ti kọ ogún oríṣi ọ̀nà tí ènìyàn lè gbà kọ owó kan náà sílẹ̀, bí ìlà kan bá sì yí padà nínú kóòdù, gbogbo rẹ̀ la máa ń dán wò.

Ẹ̀gbọ́n wa kan tó ti jáde, tó ń fi kóòdù jẹun, ní kí a da kóòdù náà nù, kí a kọ tuntun. Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun, àmọ́ ta ló máa sanwó rẹ̀? Àkọsílẹ̀ ọdún mẹ́sàn-án wà níbẹ̀, àwọn ìyá ti mọ ibi tí bọ́tìnnì wà. Sátidé mẹ́rin la fi ṣe èyí. Bí ẹ bá ń kọ tuntun pẹ̀lú èrò pé oníbàárà ló gbọ́dọ̀ kọ́ èdè ẹ̀rọ, parseInt náà lẹ máa tún kọ.

Ẹ̀yin tí ìyá tàbí bàbá yín wà nínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ lọ tẹ 25,000 sínú ìkànnì wọn, kí ẹ sì wo ohun tó máa kọ.

Ìwé ṣì wà lára ògiri. Kóòdù tuntun ti ń ṣiṣẹ́, kọ́mà ti ń wọlé, alága sì ní kí ìwé náà ṣì wà níbẹ̀ ná, pé kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ó pa ìyá aláṣọ lára. Ohun tí a ń bèèrè ni pé kí wọ́n já a, kí wọ́n kọ òmíràn síbẹ̀ pé ẹgbẹ́ ló ṣàṣìṣe, kí ẹ̀yáwó tó kàn sì jẹ́ ti màmá. Ìpàdé ẹgbẹ́ ń bọ̀ ní Sátidé tó ń bọ̀ yìí. A máa wà níbẹ̀, àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìyá náà sì ní òun á mú ìwé báǹkì òun dání.